Ta Ni Yóò Bá Ìyá Wa Ka Fóònù Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí àwa ẹ̀ka Èkó sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, tí a tún tẹ̀ síhìn-ín fún àwọn ará wa tí wọn kò lè wá sílé.

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìpàdé yìí kọ̀wé sí ẹ̀ka wa pé kí a wá sọ̀rọ̀, orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wa ni "Ẹ̀rọ ayé òde òní àti ìlọsíwájú ìlú." Orí ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó tì í, a rí i pé bí a bá sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́, a ó kàn máa yin ẹ̀rọ ni, ẹ ó sì pàtẹ́wọ́ fún wa, gbogbo wa yóò sì lọ jẹun. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpàtẹ́wọ́. Ẹ̀bi wà nínú rẹ̀, àwa gan-an ni a sì jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà. Nítorí náà a bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ oore. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lé ní ẹni ogójì ọdún nínú wa yóò rántí bí nǹkan ti rí kí ọdún 2001 tó dé. Nígbà náà, gbogbo ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 500,000 lọ, fún àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 100,000,000. Bí ènìyàn bá kú nílé, awakọ̀ ni a ń rán sí Èkó. Bí awakọ̀ bá sì gbàgbé, òkú yóò ti wọlẹ̀ kí ọmọ olóògbé tó gbọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni àwọn ilé iṣẹ́ fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Náírà 50 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan; bí ènìyàn bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan odindi ni wọn ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, títí di ọdún 2003 tí Globacom dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ìlà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí ju 150,000,000 lọ. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti London ní òwúrọ̀, ìyá rẹ̀ lè fi ra ẹran ní ọ̀sán. Oníṣòwò tí ó ń lọ rajà ní Èkó kò tún di owó mọ́ inú ìró mọ́ nítorí àwọn ọlọ́ṣà ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ní kí á da nǹkan wọ̀nyí nù, kí á padà sí ayé àtijọ́, kò jẹ ìyà ayé àtijọ́ tó.

A sì ti fi ojú ara wa rí i bí ẹ̀rọ ti ń fún ni níṣẹ́, tí ó sì ń gbà á padà. Ẹ ò rántí àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn ní gbogbo oríta lẹ́yìn ọdún 2001, tí wọ́n ń ta ìpè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú? Iṣẹ́ yẹn ni ó rán àwọn kan tí wọ́n jókòó níhìn-ín lónìí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò pẹ́, fóònù pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, agbòòrùn ká. Àwọn tí wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sídìí káàdì ìpè kò pẹ́ níbẹ̀ náà, nítorí ènìyàn ti lè dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀ kí ó ra owó ìpè láti inú báńkì. Nísinsìnyí, oríta kan náà, agbòòrùn kan náà ni ọmọ tí ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún ni jókòó sí. Ọdún mélòó ni òun náà yóò lò níbẹ̀? A kì í ṣe wòlíì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sórí àga kọ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù lónìí, bí kò ṣe ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀.

Àwọn àgbà inú wa mọ akọ̀wé-lẹ́tà. Nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ti kóòtù ni ó máa ń gbé tábìlì rẹ̀ sí, òun àti ìwé àti gègé rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò bá a sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Yóò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, yóò sọ ọ̀rọ̀ gbèsè, yóò sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ rí. Akọ̀wé yóò kọ ọ́, yóò gba owó rẹ̀. Olóòótọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n òmíràn a máa kọ ohun tí a kò sọ, òmíràn a sì máa lọ ta àṣírí náà fún ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́. Nítorí èyí ni ìjọba àwọn Òyìnbó fi ṣe òfin kan láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé, òfin náà sì wà nínú ìwé òfin wa títí di òní. Ohun tí ó wí kò gùn: ẹnikẹ́ni tí ó bá bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ ka ohun tí ó kọ fún un, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó fọwọ́ sí i tàbí kí ó tó tẹ̀ka, akọ̀wé náà sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé sára ìwé náà. Bí ìjà bá dé lọ́la, a ti mọ ẹni tí a ó pè.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin yìí. Kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn lọ kàwé ná kí wọ́n tó rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ọdún yóò gorí ọdún kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀wé ni wọ́n di ẹrù lé lórí, wọn kò dì í lé ẹni tí kò mọ̀wé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún náà lé ní 800,000. Àwọn òbí wa rò pé bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bá dàgbà, ọ̀rọ̀ àìmọ̀wé yóò di ìtàn. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà jókòó níwájú wa yìí. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ń ka Yorùbá ketekete. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, Gẹ̀ẹ́sì tí a gé lórí gé nírù ni wọn yóò bá níbẹ̀. Lẹ́tà méjì péré ni ó máa ń fi yàtọ̀ bóyá owó wọlé ni tàbí owó jáde: bí wọ́n bá kọ CR, ó wọlé, bí wọ́n bá kọ DR, ó ti lọ nìyẹn. Ta ni ó kọ́ ìyá wa ní èyí? Báyìí ni ẹni tí ó ti mọ̀wé láti ọmọdé ṣe tún di aláìmọ̀wé ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, láìjẹ́ pé ó gbàgbé ohun kan.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wọ́n fi ìyẹn sọ pé olúkúlùkù ní ohun tí yóò fi ran ẹnì kejì lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè fojú di ẹnì kejì. Nínú ọ̀rọ̀ fóònù yìí, ọwọ́ ọmọdé ni ó tó pẹpẹ, òun náà ni ó wọ akèrègbè. Kí ni ó kù tí àgbà fẹ́ fi gba pààrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìjọba kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kejì ọdún 2014, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà BVN, tí wọ́n ń tẹ ìka ènìyàn sínú ẹ̀rọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àṣẹ jáde pé kí gbogbo ènìyàn so ìlà fóònù rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní NIN. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n ti ẹnu ìlà tí ó ju 70,000,000 lọ. Wọ́n lè gba ìpè, wọn kò lè pe ènìyàn. A kò sọ pé àṣẹ náà kò ní ìdí, nítorí gbogbo wa mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń fi fóònù ṣe. Ṣùgbọ́n àwa ni a gbé ìyá kan láti ìlú yìí lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, tí ẹ̀rọ kò rí ìka rẹ̀ kà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá yìí ti ń yan gààrí. Iná àti omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán. Ọmọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ní kí ó lọ fi òróró pa ọwọ́ wá ní ọjọ́ mìíràn. Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó ní, "Ṣé nítorí pé mo ṣiṣẹ́ ni wọn kò fi mọ̀ mí?" A kò rí èsì fún un nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó dé. Ẹ kò tí ì gbàgbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé a ó pààrọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1,000. Wọ́n fi ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ṣe òpin owó àtijọ́, wọ́n sì tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ wọlé sí báńkì, owó tuntun kò jáde tó. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ pé kí á máa ná owó àtijọ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, ẹni tí ó mọ fóònù lò jẹun, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó fẹ́ gba ₦5,000 lọ́wọ́ oní-POS ń fi ₦1,000 lé e. Ìṣẹ́ kan náà kọ́ ni ó bá gbogbo wa. Àwa tí a wà ní Èkó ń ra búrẹ́dì pẹ̀lú fóònù, a sì ń ráhùn. Àwọn ará oko wa gbé iṣu wá sí ọjà, wọ́n tún gbé e padà.

Ìyá kan wà ní ọjà wa tí ó ń ta epo pupa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí a dárúkọ òun. Ní oṣù kejì ọdún 2023 yẹn, ọkùnrin àjèjì kan wá ra kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí owó lọ́wọ́, òun yóò fi í ránṣẹ́. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó nà án sí ìyá, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ti wọlé." Ìyá wò ó. Ó rí àwọ̀ ewé, ó rí nọ́ńbà. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ojú ni ó ti òun láti sọ níwájú àwọn ènìyàn pé òun kò lè kà á. Ó sì jẹ́ kí ó gbé epo lọ. Ní ọjọ́ kẹta ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́ tí ó sọ fún un pé kọ́bọ̀ kan kò wọlé. Owó ìdánwò ọmọ náà gan-an ni ìyá fẹ́ fi epo yẹn san. Bí ẹ bá ń bi wá léèrè ohun tí olè yẹn jí, a ó sọ pé ìtìjú ìyá wa ni ó lò. Epo kàn bá a lọ ni. Ẹ̀yin ìyá wa, kí a tó kúrò níbẹ̀: bí oníbàárà bá na fóònù tirẹ̀ sí yín, ẹ má wò ó rárá. Fóònù tiyín ni kí ẹ wò, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dún.

Òmíràn tún nìyí. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nídìí POS. Nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ọmọ tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, owó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Bàbá gbéra, ó wọ ọkọ̀ lọ sí báńkì. Òṣìṣẹ́ tí ó dá a lóhùn níbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, nọ́ńbà àṣírí yín ni wọ́n tẹ̀. Ẹ̀rọ kì í parọ́." Òótọ́ ni pé nọ́ńbà bàbá ni wọ́n tẹ̀. Ọwọ́ ta ni ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kò sọ.

Gbólóhùn yẹn, pé ẹ̀rọ kì í parọ́, a ń gbọ́ ọ níbi púpọ̀ nísinsìnyí, àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sì ń sọ ọ́ jù. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti London wá lè jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Horizon ṣírò owó ní ọdún 1999. Ẹ̀rọ náà sọ pé owó ń sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré. Wọ́n sunkún, wọ́n búra, wọ́n ní àwọn kò mú owó. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Títí di ọdún 2015, àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi lé ní 900. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé wọn láti san owó tí wọn kò jẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, adájọ́ kan sọ ọ́ kedere pé àṣìṣe wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó ṣe òfin tí ó wẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́, àwọn mìíràn sì ti kú. Ẹ má sì sọ pé ti ilẹ̀ Òyìnbó nìyẹn. Ní ọdún 2025, nínú ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àjọ JAMB ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ẹ̀rọ bàjẹ́ ní ibùdó 157 ní ìhà Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ọmọ kígbe pé máàkì tí a fún àwọn kì í ṣe tàwọn. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò náà ṣe, olórí àjọ náà sì sunkún ní gbangba, ó tọrọ àforíjì. A yìn ín fún ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo àgbà ni ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ náà kò bá mọ bí a ti ń kígbe ńkọ́? Ìyá elépo àti bàbá olówó ìfẹ̀yìntì kò mọ ibi tí a ti ń kígbe irú èyí.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé à ń bú àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ POS. Báńkì kan kò sí ní ìlú yìí. Àwọn ni báńkì wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò, ti ọ̀gá kan ni, òun ni ó sì ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú èrè. A mọ ọ̀kan nínú wọn tí ó ń sin àwọn arúgbó délé pẹ̀lú owó wọn ní alẹ́, tí kò gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìlú kò lè gbé ara lé ìwà rere ẹnì kan ṣoṣo. Akọ̀wé-lẹ́tà rere pọ̀ nígbà náà, síbẹ̀ a ṣe òfin.

Ibi tí ẹ̀bi tiwa wà ni a wá dé yìí.

Gbogbo yín mọ̀ pé láti ìgbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020 ni ẹgbẹ́ wa ti gbé ọ̀pọ̀ ìjíròrò rẹ̀ lọ sórí WhatsApp. Ó rọrùn fún wa. Ẹni tí ó wà ní Houston àti ẹni tí ó wà ní Mushin lè dá sí ọ̀rọ̀ kan náà ní alẹ́ kan. A ń yangàn pé ìpàdé wa kò tí ì kún tó báyìí rí. Nígbà tí a kọ́ ìsọ̀ tuntun sí ọjà wa, orí WhatsApp yìí ni a ti kéde pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ìsọ̀ fi owó àkọ́san ránṣẹ́ sínú àpò ẹgbẹ́ ní báńkì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ san ni yóò kọ́kọ́ gbà. A kò lu agogo. A kò rán akéde. A kò lẹ ìwé mọ́ ara ògiri kankan. Kì í ṣe pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. A kàn rò pé gbogbo ènìyàn ti gbọ́ ni, nítorí pé gbogbo ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ti gbọ́.

Kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, ìsọ̀ ti tán. Nígbà tí àwọn ìyá wa gbé owó wọn sínú aṣọ wá sí ọ̀dọ̀ Akápò, ó ní owó ọwọ́ kò sí nínú ètò, pé ìsọ̀ sì ti tán pẹ̀lú. Ta ni ó gbà wọ́n? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wà ní Èkó, ní Àbújá àti ní òkè òkun ni, àwọn tí kò ta ata rí láyé wọn. Mẹ́sàn-án nínú àwọn ìsọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ka wa. Lónìí, ìyá tí ìyá rẹ̀ ti ń tajà lórí ilẹ̀ yẹn kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ń san owó ìsọ̀ ní oṣooṣù fún ọmọ tí ó fi ìka kan tẹ fóònù ní Súúlérè. Àti pé ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún ìlọsíwájú ìlú ni ó ṣe ètò náà.

Ìyálọ́jà ni ó kọ́kọ́ pe àkíyèsí wa sí i, nígbà tí ó wá kí wa ní Èkó. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, WhatsApp yìí, apá ibo ló wà nínú ìlú? Kí n lè máa dé ibẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Ẹ̀ka wa ti jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà mẹ́rin, a sì ti fi ohùn ṣọ̀kan. A ń bẹ ìpàdé yìí pé láti òní lọ, ìpinnu kan tí ó bá kan ilẹ̀, ọjà tàbí owó ìlú kò gbọdọ̀ fìdí múlẹ̀ títí akéde yóò fi pè é yí ìlú ká, tí ọjọ́ ọjà méjì yóò sì fi kọjá lé e lórí. Ẹni tí ó wà ní òkè òkun lè máa sọ tirẹ̀ lórí fóònù. Kò sí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n yóò dúró de ẹni tí ó wà nílé. Akápò sì gbọ́dọ̀ máa gba owó ọwọ́, kí ó sì máa kọ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní Yorùbá.

Ní ti fóònù ìyá wa, òfin àtijọ́ tí a sọ yẹn ni a fẹ́ mú wá sílé. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí ọmọ ìlú méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, máa jókòó ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀ tí kò yé e, yálà ti báńkì ni tàbí ti NIN, yóò gbé e wá. Wọn yóò kà á sókè fún un ní èdè wa, wọn yóò sì kọ ohun tí wọ́n kà àti orúkọ ara wọn sínú ìwé ńlá kan tí kò ní kúrò ní gbọ̀ngàn. Ẹni náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Bí kò bá tí ì mọ̀ ọ́n tẹ̀, wọn yóò máa kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Àwọn oní-POS ìlú ti gbà, níwájú Ìyálọ́jà, pé àwọn náà yóò máa ka iye owó sókè kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ gba káàdì ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ka wa yóò san owó iṣẹ́ àwọn ọmọ méjèèjì fún ọdún kan. Àwọn ará wa ní London ti ṣèlérí ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn ṣe iná, kí fóònù má baà kú sí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, kí ìpàdé yìí ṣí ìwé náà wò, kí a rí iye ènìyàn tí ó wá àti ohun tí wọ́n bá wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsọ̀. A kò lè pàṣẹ fún ẹ̀ka mìíràn. Àwọn kan nínú wọn ti sọ fún wa pé àwọn san owó àwọn lọ́nà tí ó tọ́, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Àwa náà san án lọ́nà tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ mẹ́sàn-án tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ka wa, a ti dá wọn padà fún ọjà láti òní lọ. Àwọn tí ń tajà nínú wọn nísinsìnyí ni yóò gbà wọ́n, wọn yóò sì san owó àkọ́san náà fún wa díẹ̀díẹ̀, ní owó ọwọ́, bí agbára wọn bá ti mọ, láìsí èlé. Owó ìsọ̀ tí wọ́n ti san fún wa láti ìgbà náà wà nínú iye tí a ti yọ kúrò.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni ó wà nínú àpò aṣọ yìí. Ìyálọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ síwájú, kí ẹ wá kà wọ́n.